Wọ́n Fi Màmá Lé Titus Lọ́wọ́

Ẹni tó bá fẹ́ wọ takisí ní Àbújá kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wàá dúró létí títì, takisí aláwọ̀ ewé á máa bọ̀, dírẹ́bà á tẹ họ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀kan, ìwọ náà á sì dárúkọ ibi tí ò ń lọ. Bí ọ̀nà yín bá pa pọ̀, á dúró gbé ọ. Bí kò bá pa pọ̀, á kọjá lọ, kò sì sí ìjà níbẹ̀. Ìyá mi gbìyànjú títí, kò rí i ṣe. Òun á kọ́kọ́ tẹ ara ba, á kí dírẹ́bà kú iṣẹ́, á béèrè àwọn ará ilé rẹ̀, kó tó wá sọ pé ọmọ òun obìnrin ló ní kí àwọn jọ máa lọ sí Lokogoma. Kó tó dé orí Lokogoma, ọkọ̀ ti lọ.

"Ta ló tọ́ eléyìí?" ni Màmá máa ń wí. "Mo kí i, ó ń sá fún mi bí ẹni tó jẹ mí ní gbèsè."

Ìsánlú ni Màmá ti wá, ní ilẹ̀ Yàgbà. Lọ́dún 2013 ni mo mú un wá sọ́dọ̀ mi nítorí ojú tó ń dùn ún. Èmi àti ọkọ mi ń gbé ní Lokogoma nígbà náà, nínú ilé kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ọ̀gá ọkọ mi, nínú ọgbà ilé kan tó ní géètì, mo sì ń ránṣọ fún àwọn obìnrin inú ọgbà náà.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn ojú kan ní Wuse. Dókítà kán oògùn sí ojú rẹ̀ méjèèjì kó lè rí inú rẹ̀ dáadáa. Ó ní kí a má bẹ̀rù, ojú Màmá á ṣe bàìbàì títí di ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn náà á mọ́lẹ̀ padà. Nígbà tí a jáde, oòrùn ń ta á lójú. Ó fa gèlè bo iwájú orí, ó di apá mi mú. Ó yọ fóònù rẹ̀ tó máa ń gbọ̀n nínú àpò, ó fi í fún mi.

"Gba kòkòrò yìí lọ́wọ́ mi," ni ó wí. "Ó ń rìn mí lára."

A rìn dé Berger. Mo fẹ́ ra búrẹ́dì kí a tó sọdá sí òdìkejì títì, níbi tí a ti máa wọ ọkọ̀ Area One. Mo fi Màmá jókòó sábẹ́ agbòòrùn Sàídátù, ọmọbìnrin Hausa kan tó ń ta káàdì fóònù létí ọ̀nà.

"Màmá, ẹ má kúrò níbí o."

"Ibo ni mo fẹ́ lọ? Ṣé ojú tí mo máa fi rìn nìyí?"

Mo ra búrẹ́dì. Mo yíjú padà. Agbòòrùn wà níbẹ̀, àga wà níbẹ̀, Màmá kò sí.

"Kai!" Sàídátù ti dìde. "Mama ta shiga mota." Ó ní Màmá ti wọ ọkọ̀ lọ. Nígbà tó rí i pé ojú mi ti yí padà, ó bọ́ sí Pidgin: "I think say na your people. Dem greet am, she laugh, she enter."

"Ọkọ̀ ibo?"

Ó na ọwọ́ sí ọ̀nà Kubwa. "Dutse. The driver dey shout Dutse."

Ẹnikẹ́ni tó ti gbé Àbújá á mọ ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Àwọn olè kan wà tí wọ́n ń kó èrò bí ẹni ń ṣe takisí, tí wọ́n á gba gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ èrò, tí wọ́n á sì tì í sílẹ̀ níbi tí kò mọ̀. Wan-ṣáǹsì la ń pè é. Mo bi Sàídátù bóyá wọ́n kun ọkọ̀ náà. Ó ní wọ́n kùn ún, ọ̀dà ewé pẹ̀lú ìlà funfun. Ìyẹn jẹ́ kí n lè mí, torí ọkọ̀ tí wọn kò kùn ni àwọn olè náà sábà máa ń lò. Síbẹ̀, ìyá mi kò ríran, kò gbọ́ Hausa, kò gbọ́ èdè òyìnbó, fóònù rẹ̀ sì wà nínú báàgì mi.

Takisí kan tẹ họ́ọ̀nù, ó dúró níwájú mi. Gọ́ọ̀fù àtijọ́ ni, èrò ti kún inú rẹ̀. Dírẹ́bà ń retí kí n sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ìyá mi. Ìyá mi."

Ó pa ọkọ̀, ó bọ́ sílẹ̀. Ọkùnrin àgbàlagbà ni, ó dé fìlà funfun, irùngbọ̀n rẹ̀ sì ti ń funfun. Jàbárù ni orúkọ rẹ̀, ará Ìwó ni.

"Kí ló ṣe ìyá yín, àbúrò mi?"

Mo ṣàlàyé fún un, ẹkún ń pa ọ̀rọ̀ dà mọ́ mi lẹ́nu. Ọkùnrin kan tó jókòó níwájú nínú ọkọ̀, tó de táì mọ́ ọrùn, yọ orí síta.

"Oga driver, abeg, I dey rush."

Obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fi ọwọ́ gbá a léjìká. "You no get mama?"

"I get," ni ọkùnrin náà wí wẹ́rẹ́, ó sì fa orí wọlé.

Jàbárù ti na ọwọ́ sókè. Takisí mìíràn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ya sọ́dọ̀ rẹ̀. "Gba àwọn èrò Jabi yìí," ni ó wí. "Mo fi wọ́n lé ọ lọ́wọ́."

"Mo gbà wọ́n," ni ẹnì kejì dáhùn, àwọn èrò sì kó lọ sínú ọkọ̀ rẹ̀.

Mo ti ń wọ takisí tipẹ́ ní ìlú yẹn, n kò fi etí sí ọ̀rọ̀ náà rí. Nígbà tí a ti ń sáré lọ ni Jàbárù ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, bóyá kí n lè gbàgbé ẹkún. Ó ní bí dírẹ́bà bá fẹ́ fi èrò lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ẹni tó ń gbà á gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbà á. Bí kò bá sọ ọ́, ọrùn ẹni àkọ́kọ́ ni ẹrù ṣì wà. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ síbì kan. Àwọn tó ti ń wakọ̀ kí òun tó dé Àbújá ni òun bá a lẹ́nu wọn, àwọn Hausa, àwọn Gbagyi, àwọn Igbo, oníkálukú pẹ̀lú èdè tirẹ̀.

"Irú ènìyàn wo ni Màmá?" ni ó bi mí.

"Ó kúrú. Ó kọ ilà Yàgbà. Ìró àdìrẹ ni ó ró."

"Mi ò béèrè ìyẹn. Ṣé ẹni tó máa ń dákẹ́ ni?"

"Ha! Ó ń kí ènìyàn. Ó ń kí ewúrẹ́ pàápàá."

"Ó tán." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó ń kí ènìyàn kì í sọnù. Àwọn tó dákẹ́ ni à ń wá títí."

Mo ń sunkún, ṣùgbọ́n n kò lè ṣe kí n má wo bí ó ṣe ń wakọ̀. Ọ̀nà Kubwa fẹ̀ bí odò tó kún, ọkọ̀ ń ya lọ́tùn-ún lósì, ọkùnrin yìí kò sì bú ẹnikẹ́ni. Bí ọkọ̀ kan bá fẹ́ já wọ iwájú rẹ̀, á fún un láyè, á sì gbé ọwọ́ sókè kí i. Bí ó bá sì kan takisí bíi tirẹ̀, á dẹ wíńdò sílẹ̀, á pariwo, "Màmá kan tó kọ ilà, ó ń lọ Dutse!" Ẹnì kan dáhùn ní Hausa pé òun kò rí i. Ẹlòmíràn na ọwọ́ síwájú. Àwọn òkè àpáta ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ojú oòrùn sì ti ń rọ̀. Mo wá ń rí i pé bí a ṣe ń sáré lọ yìí, gbogbo ojú ọ̀nà ló ti mọ̀ pé ìyá mi sọnù.

Ní Dutse Alhaji, gáréèjì wọn wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Bwari. Alága wọn, Sàláwù, ọkùnrin Ọ̀yọ́ kan tí ohùn rẹ̀ ti há, jókòó lórí bẹ́ńṣì. Jàbárù kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí Sàláwù fi pàtẹ́wọ́.

"Màmá Ọ̀kún! Ẹ ò bá a. Ó ti lọ."

"Lọ sí ibo?" Mo pariwo.

"Àǹtí, ẹ rọra. Ẹ jẹ́ kí n pe Kúnbi tó ń ṣe irun, ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ wọ̀ wá."

Kúnbi jáde láti ṣọ́ọ̀bù irun tó wà níwájú gáréèjì, kóòmù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ń tì í. Ó kúnlẹ̀ fún mi kí n tó lè dá a dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Èmi ni mo kí wọn. Mo wà nínú takisí ní Berger, mo rí ilà ojú wọn, mo ní, 'Ọ̀kún o, Màmá.' Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, 'Ọ̀kún o, ọmọ mi,' wọ́n wọlé, wọ́n jókòó tì mí. Mo rò pé Dutse ni àwọn náà ń lọ. Ọ̀rọ̀ ilé la ń sọ títí a fi dé ibí. Nígbà tí a bọ́ sílẹ̀ ni wọ́n bi mí pé, 'Ìbídùnní ọmọ mi ńkọ́?' Mo ní, 'Ta ni Ìbídùnní?'"

"Wọn ò béèrè ibi tí ọkọ̀ ń lọ?" ni Jàbárù wí.

Kúnbi wò ó bí ẹni pé ó béèrè ohun tí kò yẹ kí àgbàlagbà béèrè. "Wọ́n gbọ́ Ọ̀kún nínú rẹ̀. Kí ni wọ́n tún fẹ́ béèrè?"

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Ìkíni wa ni Ọ̀kún, òun náà ni wọ́n fi ń pe gbogbo wa. Ní Ìsánlú, bí o bá bá ènìyàn rẹ nínú ọkọ̀, ilé ni ọkọ̀ náà ń lọ. Ìyá mi kò ríran lọ́jọ́ náà, ó fi etí wá ilé, etí rẹ̀ sì mú un dé Dutse.

"Ta lẹ wá fi í fún?" Mo kọjú sí Sàláwù.

"Titus. Ọmọ Gbagyi ni, ará Ushafa. Mo ní, 'Titus, mo fi ìyá yìí lé ọ lọ́wọ́, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Lokogoma.' Ó ní, 'Mo gbà á.' Area One ni Titus máa ń ná. Tó bá dé ibẹ̀, á fi í lé ẹni tó ń lọ Lokogoma lọ́wọ́."

"Ẹ fi ìyá mi fún ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá!"

"Ó gbọ́ èyí tó tó o. Ó mọ ìkíni, ó mọ èébú, ó mọ 'mo gbà á'. Kí ló kù?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ tiẹ̀ wo Màmá yẹn. Ó gbàdúrà fún gbogbo táyà tó wà níbí. Ó ní kí ìyàwó mi bí ìbejì. Mo ní, 'Màmá, ó ti bí mẹ́fà!' Ó ní, 'Àwọn yẹn ò tíì pé.'"

Jàbárù ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

"Ọgbà wo lẹ sọ fún Titus?" Mo béèrè.

Sàláwù gbójú sókè. "Ọgbà kẹ̀?"

"Lokogoma kún fún ọgbà. Géètì ni, géètì ni, gbogbo rẹ̀ ní orúkọ òyìnbó. Màmá ò mọ orúkọ tiwa. Ojú rẹ̀ ò sì lè dá géètì mọ̀ lónìí."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó yọ fóònù, ó pe Titus. Kò wọlé. Ó tún un pè. "Bátìrì rẹ̀ ti kú," ni ó wí. "Ojoojúmọ́ là ń bá ọmọ yìí jà nítorí bátìrì." Ó dìde, ó fi ọwọ́ lu orí Gọ́ọ̀fù. "Jàbárù, ẹ máa lọ. Ẹ sáré."

A yí padà. Ìbẹ̀rù tó bá mi nígbà yẹn ju ti Berger lọ. Ní Berger, mo ń rò pé olè gbé e. Ní báyìí mo ń rí i lọ́kàn mi bí wọ́n á ṣe máa ti ọwọ́ kan gbé e lọ sí ọwọ́ kejì, títí ẹnì kan tí sùúrù rẹ̀ tán á fi sọ ọ́ kalẹ̀ síwájú géètì kan, á ní, "Mama, Lokogoma be this," á sì bá tirẹ̀ lọ. Ilẹ̀ á sì ṣú bá a níbẹ̀.

Nígbà tí a dé Area One, àkókò tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń lọ sílé ni. Èrò dúró bí koríko. Àwọn dírẹ́bà kò ráyè, ṣé àkókò yẹn ni wọ́n ń rí owó jù. Jàbárù bọ́ sílẹ̀, ó ń bi ọ̀kan dé èkejì. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó padà wá, ó sì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀ láìwọlé.

"Titus dé ibí," ni ó wí.

"Ta ló fi í fún?"

"Kò fi í fún ẹnì kankan. Ọ̀kan lára àwọn tó ń lọ Galadimawa ní òun á gbé e. Titus sọ ohun tó yẹ kó sọ fún un. Ẹni yẹn ní, 'No problem, no problem.' Titus ní kó sọ pé òun gbà á. Ó tún ní, 'I say no problem.' Titus mi orí, ó dá Màmá padà sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó kọ gbogbo èrò tó ń bẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó gbé e lọ Lokogoma fúnra rẹ̀."

Ọmọkùnrin tí n kò rí rí, ó fi àkókò tí ọjà rẹ̀ ń tà jù sílẹ̀, ó ń gbé ìyá mi lọ sí ibi tí kò sí lójú ọ̀nà rẹ̀, nítorí pé ẹnì kan kò dá a lóhùn bó ṣe yẹ. Mo ní láti fi etí gèlè nu ojú mi.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a dé Lokogoma. A dúró níwájú géètì àkọ́kọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ní, bẹ́ẹ̀ ni, takisí kan wá, pẹ̀lú màmá kan. Màmá bọ́ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ pa géètì láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní kì í ṣe èyí. Ní géètì kejì, ẹ̀ṣọ́ náà ṣì ń rẹ́rìn-ín. "She ask me whether I don chop. I say I never chop. She begin quarrel with me!"

"Kí ló dé tó fi ń fọwọ́ pa géètì?" ni Jàbárù béèrè.

Mo mọ̀ ọ́n. Ara géètì wa ni ìyá mi máa ń fara tì ní àṣálẹ́ láti gba atẹ́gùn. Irin tí wọ́n rọ bí òdòdó wà lára rẹ̀, ó sì máa ń fi ìka tọ ọ́ bí ó bá ń sọ̀rọ̀.

A kọjá géètì mìíràn àti òmíràn. Mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ kí n tó rí i. Takisí kan dúró lẹ́bàá ògiri funfun kan tí kì í ṣe tiwa, Màmá na ọwọ́ ọ̀tún sí ara irin, ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú kó má baà fi ẹsẹ̀ kọ gọ́tà.

"Èyí gan-an ò ní òdòdó kankan," ni Màmá ń wí. "Kí ni àwọn olówó yìí ń fi owó wọn ṣe?"

"Mama, ẹ má bínú," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà dáhùn. "We go see am."

Mo bọ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró. "Màmá!"

Titus yí padà, ó sì bọ́ sáàárín èmi àti ìyá mi. "Wait first. Who you be?"

"Ọmọ rẹ̀ ni mí! Ìbídùnní ni mí!"

"Everybody fit talk so." Kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè. Ó tẹ etí sí Màmá. "Mama, ṣé òun nìyí?"

Ìyá mi fi ọwọ́ ṣíji bo ojú. Ó wò mí láti gèlè dé bàtà. Ojú rẹ̀ ṣì ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀rín tó ń pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀.

"Ó jọ ọ́," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ọmọ tèmi kò ní pa mí tì nítorí búrẹ́dì."

Jàbárù gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì mú, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Titus kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣì dúró síbẹ̀ bí ògiri.

"Mama. Yes or no?"

"Òun ni, ọmọ mi," ni Màmá wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Òun ni. Jẹ́ kó wá."

Titus mú ọwọ́ ìyá mi, ó gbé e sí ọwọ́ mi. Mo sọ ohun tó yẹ kí n sọ, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ Màmá móoru. N kò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ eléruku náà, Màmá sì ń fi ọwọ́ kejì gbá mi lórí pé kí n dìde, pé kí n má sọ ara mi di ìwòran.

Nígbà tí mo fẹ́ fún wọn lówó, àwọn méjèèjì gba owó epo, wọn kò gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jàbárù bẹ̀rẹ̀ sí í bá Titus sọ̀rọ̀ ní Hausa lórí ọ̀rọ̀ bátìrì, mo sì rí i pé èébú pọ̀ nínú rẹ̀. Titus kàn ń wo bàtà rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ wọ ọkọ̀, Màmá fa etí ẹ̀wù rẹ̀.

"Ṣé ìyá rẹ wà láyé?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ní ó wà, ní Ushafa, ó ń mọ ìkòkò.

"Kí i fún mi. Sọ fún un pé èmi, ìyá Ìbídùnní, ará Ìsánlú, ni mo ní kó o sọ ọ́. Sọ fún un pé ó bímọ."

Titus wò mí. Mo túmọ̀ ìyẹn náà, ṣùgbọ́n ó ní òun fẹ́ sọ ọ́ bí Màmá ṣe sọ ọ́ gan-an. Màmá sọ ọ́ fún un ní díẹ̀díẹ̀, ó ń tẹ̀lé e. "Ó bímọ," ni ó ń wí, "ó bímọ," bí ó ṣe ń ṣáná sí ọkọ̀, tó sì ń yí orí rẹ̀ padà sí ọ̀nà Galadimawa.